Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí Aláìsàn Gbà Kí A Dán Oògùn Wò Lára Òun?



Nínú ẹ̀kọ́ wa lórí òfin karùn-ún, a máa ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀mí ènìyàn àti lórí ojúṣe olúkúlùkù láti tọ́jú ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn kì í sábà béèrè ní gbangba, tí ó sì máa ń wúwo lọ́kàn ẹni tí ó bá kàn. Aláìsàn kan ní àrùn tí kò ní ìwòsàn. Dókítà sọ fún un pé àwọn onímọ̀ ń dán oògùn titun kan wò, wọ́n sì ń wá àwọn tí yóò gbà kí a dán an wò lára wọn. Ṣé ó tọ́ kí ó gbà? Bí ó bá kọ̀, ṣé ó ṣẹ̀? Bí ó bá gbà, tí oògùn náà sì ṣe é ní jàǹbá, ṣé kì í ṣe òun ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀?

Kí ọ̀rọ̀ wa má baà fò lókè láìní ibi tí yóò bà lé, a ó mú àrùn kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, èyí tí à ń pè ní lúpúsì.

Irú àrùn wo ni lúpúsì?

Ẹlẹ́dàá fi àwọn ọmọ ogun sínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn láti máa bá kòkòrò àrùn jà. Nínú ara ẹni tí ó ní lúpúsì, àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọmọ ilé mọ́; wọ́n kọjú ìjà sí ara tí ó yẹ kí wọ́n máa ṣọ́. Oríkèé a máa wú, a sì máa dun ni. Irun a máa re. Nǹkan pupa a máa sú sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì àti orí imú. Àárẹ̀ tí oorun kò lè lé lọ a máa mú ènìyàn. Nígbà mìíràn àrùn náà a máa wọ inú kíndìnrín, ọkàn tàbí ọpọlọ, ibẹ̀ ni ó sì ti ń pa ènìyàn. Èdè Látìn ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ìkookò, nítorí pé lójú àwọn ará àtijọ́, egbò ojú náà dà bí ibi tí ìkookò ti bu ènìyàn jẹ.

Nínú aláìsàn 10, nǹkan bí 9 ni obìnrin, ọ̀pọ̀ wọn sì wà ní ọjọ́ orí ìbímọ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ka iye àwọn aláìsàn, àrùn yìí ń mú obìnrin aláwọ̀ dúdú ní ìlọ́po 2 tàbí 3 ju obìnrin aláwọ̀ funfun lọ, a sì máa le sí i lára jù bẹ́ẹ̀. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó máa ń lọ tí ó sì tún máa ń padà wá, àwọn ará ilé a máa sọ pé àsàsí ni, tàbí pé ọwọ́ ayé ni. Aláìsàn a sì di ẹni tí à ń wò ní ìwò kọ̀rọ̀.

Oògùn tí ó dé ọwọ́ wa jùlọ ni hydroxychloroquine, tí ó jẹ́ oògùn ibà tẹ́lẹ̀, àti prednisone. Fún ohun tí ó ju 50 ọdún lọ, kò sí oògùn titun kankan tí àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún lúpúsì, títí di ọdún 2011 tí wọ́n fọwọ́ sí belimumab. Ní ọdún 2021, wọ́n tún fọwọ́ sí anifrolumab. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ń wo àrùn náà tán pátápátá. Ìdí nìyí tí ìdánwò oògùn kò fi dẹ́kun.

Kí ni ìdánwò oògùn?

Lẹ́yìn tí a bá ti dán oògùn wò lára ẹranko, a ó fún ènìyàn díẹ̀ láti mọ̀ bóyá kò léwu jù. Lẹ́yìn náà ni a ó wá fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ní ìpele yìí, a ó pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kan yóò gba oògùn titun náà. Apá kejì yóò gba ohun tí ó jọ ọ́ lójú àti lẹ́nu, ṣùgbọ́n tí kò ní agbára oògùn nínú. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní oògùn òfìfo. Kèké ni a fi ń pín wọn. Aláìsàn kò mọ èyí tí ó bọ́ sí òun lọ́wọ́, dókítà tí ń tọ́jú rẹ̀ pàápàá kò mọ̀, kí ìrètí ẹnikẹ́ni má baà yí ohun tí a rí padà. Nínú ọ̀pọ̀ ìdánwò lúpúsì, apá méjèèjì ni ó ń bá àwọn oògùn tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ. Orí wọn ni a ń fi titun náà tàbí òfìfo náà lé.

Ohun kan wà níbí tí ó yẹ kí a fi ojú sílẹ̀ wò. Dókítà tí ń tọ́jú aláìsàn ń béèrè pé: kí ni yóò dára fún ẹni tí ó jókòó níwájú mi yìí? Ìdánwò oògùn ń béèrè pé: kí ni a lè mọ̀ tí yóò wúlò fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn? Ìbéèrè rere ni méjèèjì, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó ń wọ inú ìdánwò tí wọ́n rò pé dókítà ni ó yan oògùn náà fún wọn, nígbà tí ó jẹ́ pé kèké ni ó yàn án. Ẹni tí kò bá tíì mọ ìyàtọ̀ yìí kò tíì mọ ohun tí ó ń fọwọ́ sí.

Ara tí a fi sí ìtọ́jú wa

Àríwísí àkọ́kọ́ nìyí: Ọlọ́run ni ó ni ara wa, ta ni ó fún wa láṣẹ láti fi í wewu?

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1952, nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá ń bá àwọn dókítà sọ̀rọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ó kọ́ wọn pé aláìsàn kì í ṣe olówó ara rẹ̀ tí ó lè ṣe é bí ó ti wù ú, alámòójútó ni. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni pé aláìsàn kò lè fún dókítà ní àṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ kò ní. Kátékísìmù Ìjọ Kátólíìkì tí ó jáde ní ọdún 1992 sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní ẹsẹ 2295: ìfọwọ́sí aláìsàn kò lè sọ ohun tí ó burú fúnra rẹ̀ di rere, ewu tí ó ju ìwọ̀n lọ, tàbí tí a lè yẹra fún, kò tọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò tí a ṣe láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀ kí ó sì gbà tẹ àbùkù bá iyì ènìyàn.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ̀kọ́ yìí kò sọ pé kí a má ṣe dán oògùn wò. Alámòójútó rere kì í ṣe ẹni tí ó gbẹ́lẹ̀ tí ó sì bo ohun tí a fi sí i lọ́wọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ní ilé ìwòsàn jẹ nínú ìrora díẹ̀ àti ewu díẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ó ba ohun Ọlọ́run jẹ́. Ẹni tí ó bọ́ sódò láti fa ọmọ ọlọ́mọ jáde fi ara rẹ̀ wewu, gbogbo wa ni a ó sì máa yìn ín. Ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe ni kí a sọ ara nù bí ohun tí kò níye lórí. Nítorí náà, ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ wà: báwo ni ewu náà ti tó, kí ni ire tí à ń retí, ǹjẹ́ kò sí ọ̀nà mìíràn tí a fi lè mọ ohun tí à ń wá?

Ǹjẹ́ a lè ṣẹ́ kèké lórí aláìsàn?

Àríwísí kejì le jù ú lọ. Bí dókítà bá ní oògùn lọ́wọ́, báwo ni yóò ṣe fún aláìsàn kan ní òfìfo?

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń fún alárùn lúpúsì ní hydroxychloroquine, ṣùgbọ́n wọn kò ní ẹ̀rí tí ó dájú pé ó yẹ kí ẹni tí ara rẹ̀ ti balẹ̀ ṣì máa lò ó, bẹ́ẹ̀ sì ni lílò rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ lè ba ojú jẹ́. Wọ́n wá aláìsàn 47 tí ara wọn ti balẹ̀ lórí oògùn náà. Kèké mú 25 láti máa lò ó lọ, ó sì mú 22 láti gba òfìfo dípò rẹ̀, fún oṣù 6. Wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1991. Nínú àwọn 25, àrùn náà tún gbérí lára ẹni 9. Nínú àwọn 22, ó gbérí lára ẹni 16.

Ṣé a ṣẹ àwọn 22 wọ̀nyẹn? Ẹni tí ó ti mọ ìparí ìtàn yóò yára sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń ṣẹ́ kèké náà, kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá dídá oògùn dúró ni yóò gbà wọ́n lọ́wọ́ ìpalára, tàbí bíbá a lọ ni. Àìmọ̀ tí ó jẹ́ òótọ́ ni ó mú kèké náà tọ́. Bí àwọn dókítà bá ti mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀, àìṣòdodo ni yóò jẹ́, ìbáà jẹ́ pé àwọn aláìsàn fọwọ́ sí i. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí àwọn olùṣọ́ kan wà lẹ́yìn ìdánwò, tí wọn yóò máa wo èsì bí ó ti ń wọlé, tí wọ́n sì lè dá a dúró.

Àwọn mìíràn lérò pé ẹni tí ó gba oògùn titun ni orí rẹ̀ máa ń dára jù nígbà gbogbo. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nílùú Kútọnu níbí, pẹ̀lú àwọn ibòmíràn ní Ùgáńdà, South Africa àti Íńdíà, a dán ohun kan wò tí a retí pé yóò dáàbò bo àwọn obìnrin lọ́wọ́ sídà. Ní oṣù kìíní ọdún 2007, wọ́n dá ìdánwò náà dúró lójijì. Nígbà tí wọ́n ka iye náà tán láàrin obìnrin 1,398, ẹni 25 ni ó ti kó àrùn náà lápá àwọn tí ó gba ohun titun, 16 sì ni lápá àwọn tí ó gba òfìfo. Ìyàtọ̀ náà kò tó láti fi dájọ́ pé ohun titun náà ni ó ṣe wọ́n ní ibi, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé kò dáàbò bo wọ́n. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Bí kò bá sí apá tí ó gba òfìfo ni, ta ni ìbá mọ̀?

Síbẹ̀, kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ohun kan mọ́lẹ̀. Pé a kò ṣẹ àwọn aláìsàn 22 ní Kánádà kò túmọ̀ sí pé wọn kò pàdánù ohunkóhun. Oríkèé wọn ni ó wú, àwọn ni kò sùn lóru. Lónìí, nígbà tí dókítà bá sọ fún obìnrin kan ní Kétu tàbí ní Àjàṣẹ́ pé kí ó má ṣe dá oògùn rẹ̀ dúró bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti yá, ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn fi ara wọn rà ni ó ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwa aláwọ̀ dúdú ńkọ́?

Ẹni tí ó bá ní òun kò fọkàn tán ìdánwò oògùn kò sọ ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Láti ọdún 1932 títí di 1972, ní Tuskegee ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ìjọba ibẹ̀ kó ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó tó 600 jọ, 399 nínú wọn sì ní àrùn sífílíìsì. Wọn kò sọ orúkọ àrùn náà fún wọn. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ wọn ni kò dára. Láti nǹkan bí ọdún 1947 ni gbogbo ayé ti mọ̀ pé penicillin ń wo àrùn náà, ṣùgbọ́n wọn kò fún wọn, kí wọ́n lè máa wo bí àrùn náà yóò ṣe bá wọn jà dé òpin. Ààrẹ Clinton tọrọ àforíjì lórúkọ orílẹ̀-èdè náà ní ọdún 1997. Ẹ fi èyí wé ti Kánádà. Níbẹ̀ kò sí ẹni tí ó mọ ìdáhùn. Níbí wọ́n mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi í pamọ́. Níbẹ̀ àwọn aláìsàn mọ̀ pé inú ìdánwò ni àwọn wà. Níbí irọ́ ni wọ́n pa fún wọn.

Ṣùgbọ́n sísá fún ìdánwò pátápátá ní iye tirẹ̀ tí à ń san. Nínú àwọn ìdánwò ńlá 2 tí ó mú kí wọ́n fọwọ́ sí belimumab, aláìsàn 1,684 ni ó kópa, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni aláwọ̀ dúdú nínú wọn, èsì ti àwọn díẹ̀ náà kò sì fi hàn pé oògùn náà ṣe wọ́n láǹfààní. Nítorí náà ni àwọn aláṣẹ ṣe ní kí a ṣe ìdánwò mìíràn fún àwọn aláwọ̀ dúdú nìkan. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2022, láti ara ẹni 448: nínú 100 tí ó gba oògùn náà, nǹkan bí 49 ni ó sàn fún, nínú 100 tí ó gba òfìfo, nǹkan bí 42. Ìyàtọ̀ náà kò tó láti fi sọ pẹ̀lú ìdánilójú pé kì í ṣe èèṣì. Ẹ wò ó bí ọdún 11 ti kọjá lẹ́yìn tí oògùn dé ọjà, tí ìdáhùn tí ó dájú kò sì tíì sí fún àwọn tí àrùn náà ń bá jà jùlọ. Aṣọ tí a bá fi ara ẹlòmíràn wọ̀n kì í sábà bá ni mu.

Ìdájọ́ òdodo ní ọ̀nà méjì níbí. Kò tọ́ kí a fi wá sílẹ̀ nígbà tí a bá ń wá ìmọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò tọ́ kí a wá ìmọ̀ lára wa, kí a sì lọ ta oògùn náà ní ibi tí ọwọ́ wa kò lè tó o. Ẹni tí ó bá mú ìdánwò wá sí ìlú tálákà gbọ́dọ̀ lè dáhùn pé: nígbà tí ó bá parí, kí ni yóò kù fún wọn?

Ọwọ́ ta ni yóò fọwọ́ sí i?

Ní orílẹ̀-èdè Benin, òfin ọdún 2010 lórí ìwádìí nípa ìlera ti wà. Ìgbìmọ̀ kan sì wà tí ó gbọ́dọ̀ yẹ ìwádìí wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ inú ọkàn aláìsàn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí obìnrin kan kò bá ní owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, tí ó sì gbọ́ pé nínú ìdánwò ọ̀fẹ́ ni gbogbo àyẹ̀wò, ṣé òun ni ó yàn, tàbí òṣì ni ó yàn fún un? A kò ní torí èyí sọ pé kí a ti tálákà mọ́ ìta. Ìyà kejì ni ìyẹn yóò jẹ́. Ohun tí ó yẹ ni kí a rí i dájú pé ẹni tí ó bá kọ̀ yóò ṣì rí ìtọ́jú tí ó tọ́ sí i gbà, àti pé ẹni tí ó bá wọlé lè jáde nígbàkígbà láìsí ìbínú dókítà.

Nílé wa, baálé ilé tàbí ọkọ ni ó máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé ìwòsàn. Ó dára kí ẹbí jókòó gbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ara ẹni tí abẹ́rẹ́ yóò wọ̀ ni ó ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Ìyàwó tí ó fọwọ́ sí i nítorí pé ọkọ pàṣẹ kò tíì fọwọ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ oyún tún wà. Oògùn lúpúsì mìíràn, bí mycophenolate àti cyclophosphamide, lè ṣe ọmọ inú ní jàǹbá, ọ̀pọ̀ ìdánwò sì ń béèrè pé kí obìnrin má ṣe lóyún ní gbogbo àkókò náà. Obìnrin tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò gba ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún un ní láti sọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó wọlé. Ìdánwò mìíràn gba ìkóra-ẹni-níjàánu gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà; òmíràn kò gbà á. Bí wọn kò bá gbà, kí ó fà sẹ́yìn. Kí ó má ṣe fọwọ́ sí ohun tí kò ní ṣe, nítorí ọmọ tí kò tíì bí ni irú irọ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣubú lé lórí.

Ṣé ọ̀ranyàn ni?

Rárá. Ẹni tí ó kọ̀ kò dẹ́ṣẹ̀. Ẹ̀bùn ni ìkópa nínú ìdánwò jẹ́, a kì í sì í fi ipá gba ẹ̀bùn. Ìyá tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta, tí ara rẹ̀ sì balẹ̀ lórí oògùn tí ó ń lò, lè ní ìdí rere láti sọ pé rárá. Ẹni tí oògùn àtijọ́ kò ràn lọ́wọ́ mọ́ lè ní ìdí rere láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọ má ṣe dá èkínní lẹ́jọ́ pé ojo ni, kí ó má sì ṣe bú èkejì pé ó ta ara rẹ̀.

Kí aláìsàn tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, ní èdè tí ó gbọ́ dáadáa, kí ó sì gba ìwé náà lọ sílé fún ọjọ́ díẹ̀: Kí ni ẹ kò tíì mọ̀ nípa oògùn yìí? Ṣé kèké ni yóò yàn fún mi? Ṣé n ó máa bá oògùn mi lọ? Jàǹbá wo ni ẹ ti rí lára àwọn tí ó ṣáájú? Bí mo bá farapa, ta ni yóò sanwó ìtọ́jú mi? Bí oògùn náà bá dára, ṣé n ó rí i lò lẹ́yìn tí ẹ bá lọ tán? Dókítà tí ìbéèrè wọ̀nyí bá bí nínú, kí a má ṣe fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

Ó sì ku iṣẹ́ tiwa, àwa tí ara wa dá. Ẹni tí ó wà nínú ìdánwò yóò máa lọ sí ilé ìwòsàn léraléra. Ó ń fẹ́ ẹni tí yóò bá a lọ, ẹni tí yóò bá a wo ọmọ, ẹni tí yóò fún un ní owó ọkọ̀ láti Ṣábẹ̀ẹ́ dé Kútọnu. Ó ń fẹ́ kí a dẹ́kun àsọkiri nípa àsàsí. Bí ó bá fi ara rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àwọn tí kò mọ̀, kò yẹ kí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n fi í sílẹ̀.

Fún ìjíròrò nínú ìdílé àti nínú ẹgbẹ́:

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Kánádà àti èyí tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tuskegee?
2. Nígbà wo ni òṣì máa ń fọwọ́ sí ìwé dípò ènìyàn? Kí ni a lè ṣe sí i ní ìjọ wa?
3. Ta ni ó ń ṣàìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ ní àdúgbò wa, tí a kò tíì bẹ̀ wò ní oṣù yìí?